Igi Orí Sàréè Màmá Àgbà ní Lakowe

Ilẹ̀ ò tíì mọ́ nígbà tí mo jáde nílé wa ní Jakande, Ilasan, pẹ̀lú ọ̀bẹ kékeré nínú àpò. Àbúrò mi, Táíwò, ti pè mí lánàá láti Lakowe. Ọ̀gá àwọn tó ń kọ́lé sórí ilẹ̀ tí ìdílé wa tà gbà láti dá igi kan ṣoṣo sí, ìyẹn ọdán tí wọ́n gbìn sórí sàréè Màmá Àgbà, ìyá bàbá wa.

"Ẹ̀gbọ́n, igi méjì ló wà níbẹ̀, ojú sàréè ò sì hàn mọ́. Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ọ̀la ni wọ́n máa gé ọ̀kan. Ẹ̀yin lẹ kọ́ ẹ̀kọ́ igi ní yunifásítì."

Nígbà èwe wa, ẹsẹ̀ la fi ń rin ọ̀nà yìí nínú iyanrìn, tí òjìji igi ń tẹ̀lé wa. Títì márosẹ̀ ló wà níbẹ̀ báyìí. Ní Ajah, mo jẹ àkàrà méjì lórí ìdúró, mo wọ kọ́rọ̀pẹ, ọkọ̀ kékeré tí orúnkún èrò fi ń kan àyà. Ẹgbẹ̀rin náírà ni wọ́n gbà. Nígbà tá a kọjá Ṣàngótẹ̀dó, dírẹ́bà wò mí.

"Bàbá, ẹ ti wo aago yẹn nígbà mẹ́wàá. Ṣé ìyàwó tuntun lẹ ń lọ gbé ni?"

"Ibi sàréè ni mò ń lọ."

Ó tẹná mọ́ ọkọ̀.

Ìgbà tí mo débẹ̀, aago mẹ́sàn-án ku díẹ̀, Táíwò sì ti lọ síbi iṣẹ́. Igi kan wé mọ́ ara ọ̀pẹ: ewé rẹ̀ ń dán, èso rẹ̀ so ní méjìméjì nídìí ewé. Ọdán ni, kò sí àníàní. Èkejì dá dúró. Ewé rẹ̀ fẹ̀, èso rẹ̀ ní ọrùn gígùn. Mo fi ọ̀bẹ ha èèpo rẹ̀, oje funfun sì jáde bíi wàrà. Mo mọ̀ pé ìdílé kan náà ni wọ́n, ìdílé tí àwọn olùkọ́ wa ń pè ní Fíkọ́ọ̀sì. Ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀? Mo wá a títí nínú orí mi, n kò rí i. Àwọn òṣìṣẹ́ ti ń tan ẹ̀rọ ìgégi.

Mo nawọ́ sí ọdán. "Èyí ni kẹ́ ẹ dá sí."

Arúgbó kan tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé kejì pariwo. Ìyá Sàbítíù ni, àgbà tó kù ní àdúgbò náà.

"Ta ló ń gbin igi sórí ọ̀pẹ?"

"Màmá, ọdán nìyẹn."

"Ẹyẹ ló su ún síbẹ̀! Ẹ̀ka igi tó bá wà nítòsí ni wọ́n ń rì mọ́lẹ̀ níbi orí òkú. Tó bá hù, tó ṣeé jókòó sí abẹ́ rẹ̀, ọdán la ń pè é. Ṣé ìwé ò kọ́ ẹ ní ìyẹn ni?"

Àwọn òṣìṣẹ́ bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀gá wọn ò rẹ́rìn-ín.

"Bàbá, èwo ni ká gé?"

Mo wo ìdí igi tí n kò mọ̀. Láti inú ilẹ̀ ló ti wá, ó dúró ṣánṣán bí òpó. Mo ní kí wọ́n gé èyí tó wé mọ́ ọ̀pẹ. Mo fẹ̀yìn ti èkejì títí ariwo ẹ̀rọ fi dákẹ́.

Mo délé lọ́sàn-án, mo tẹ́ ewé kan láti ara igi náà sáàárín ìwé ìròyìn kí n lè wá orúkọ rẹ̀. Táíwò pè mí.

"Ẹ̀gbọ́n, wọ́n sọ fún mi. Ṣé ẹ ti wá mọ orúkọ igi tẹ́ ẹ dá sí?"

"Rárá." Gbogbo ẹ̀kọ́ tí mo kọ́, orúkọ ló kọ́ mi láti máa wá, ṣùgbọ́n ẹni tó rì igi náà mọ́lẹ̀ ò béèrè orúkọ rẹ̀. Ojú tì mí kí n tó bi í léèrè tèmi:

"Táíwò, kí ni orúkọ àbísọ Màmá Àgbà gan-an?"

Òun náà ò mọ̀ ọ́n.