Ẹ̀fọ́ Yánrin Lẹ́yìn Ilé Ìdáná

Ìyá ọkọ mi dé láti Ògbómọ̀ṣọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò, lọ́dún tí ìjọba ní kí gbogbo ọkọ̀ máa gba apá ọ̀tún títì. Ó wá bá mi wẹ ọmọ. Àkọ́bí mi ni, kò sì tíì ju ọmọ ọjọ́ díẹ̀ lọ. Yàrá méjì la gbà nígbà náà ní Surulere, ní ìsàlẹ̀ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan. Bàbá onílé àti ìyàwó rẹ̀ ń gbé lókè.

Nígbà tí màmá tú ẹrù rẹ̀, ẹ̀gúsí wà níbẹ̀, irú wà níbẹ̀, aṣọ tútù kan sì wà tó wé mọ́ àwọn gbòǹgbò kan. Mo rò pé àgbo ọmọ ni.

Ó ní, "Yánrin ni. Mi ò mọ̀ bóyá ẹ ń rí i rà ní Èkó yìí. Òun ló máa jẹ́ kí omi ọyàn rẹ wá dáadáa."

Èkó ni wọ́n bí mi sí, Ìjẹ̀bú sì ni àwọn òbí mi. Wọn kì í se yánrin nílé wa. Ohun tí mo mọ̀ nípa rẹ̀ ni pé àwọn ọmọ àdúgbò máa ń já a fún ehoro. Mi ò sọ ìyẹn jáde.

Ẹ̀yìn ilé ìdáná ni màmá lọ, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, níbi tí ẹnikẹ́ni kì í gbà kọjá. Iyanrìn lásán ló pọ̀ níbẹ̀. Ó fi àdá tí ẹnu rẹ̀ ti kú tú ilẹ̀ náà, ó da eérú àti ìgbẹ́ adìẹ sí i. Lẹ́yìn náà ló gé àwọn gbòǹgbò náà sí wẹ́wẹ́, ó tẹ́ wọn sílẹ̀ ní ìbú, ó sì fi iyẹ̀pẹ̀ díẹ̀ bò wọ́n. Kò pẹ́ tí ewé fi yọ, ó tẹ́ pẹrẹsẹ sórí ilẹ̀, etí rẹ̀ rí ṣákiṣàki bí eyín ayùn. Màmá ṣẹ́ ọ̀kan, oje funfun yọ níbẹ̀.

"Ṣé o rí i? Má fà á tu o. Ewé ìta ni kó o máa já, kó o fi ti àárín sílẹ̀. Bó bá fẹ́ yọ òdòdó, gé ọ̀pá òdòdó náà kúrò. Bó bá ti tanná, kíkorò rẹ̀ ò ṣe é fẹnu sọ."

Oje náà máa ń dúdú mọ́ ìka rẹ̀, ọṣẹ kì í tètè bó o.

Ó bọ̀ ọ́, ó fọ̀ ọ́, ó fún un, ó wá fi ẹ̀gúsí sè é. Lẹ́yìn gbogbo ìyẹn, ó ṣì korò.

Mo ní, "Màmá, ó korò."

"Jẹ ẹ́. Ìwọ kọ́ lo ni ín, ọmọ ló ni ín."

Mo ń jẹ ẹ́. Omi ọyàn náà wá dáadáa, ṣùgbọ́n màmá tún ń fún mi ní ẹ̀kọ gbígbóná láàárọ̀ àti lálẹ́, mi ò lè sọ èyí tó ṣiṣẹ́ nínú méjèèjì.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, màmá lọ já ewé, ó sì bá ilẹ̀ lásán. Wọ́n ti fá a látòkè délẹ̀. Ó tún gèlè rẹ̀ wé, ó gba apá kejì ọgbà lọ, níbi tí bàbá onílé ń sin ehoro sí. Mo pọn ọmọ, mo tẹ̀ lé e. Bàbá onílé kì í ṣe ẹni tí ayálégbé máa ń bá jiyàn.

Bàbá náà ń kó yánrin wa sínú àgò ehoro lọ́wọ́.

"Ẹ káàárọ̀, bàbá," ni màmá wí. "Ẹ̀fọ́ ìyá ọmọ lẹ kó yẹn."

Ọwọ́ bàbá dúró. "Áà! Màmá, koríko ni mo pè é o. Ẹ má bínú."

Màmá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń wo àwọn ehoro náà bí wọ́n ṣe ń jẹ ẹ́ kíákíá. Ó wá bi bàbá pé:

"Èwo nínú wọn ló ń fọ́mọ lọ́mú?"

Bàbá fi ọwọ́ tọ́ka sí ehoro aláwọ̀ eérú kan ní igun.

"Kí ìyẹn máa jẹ tiẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ gbà á lẹ́nu àwọn akọ wọ̀nyẹn. Kí ni wọ́n fẹ́ fi omi ọyàn ṣe?"

Bàbá onílé rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó. Láti ìgbà tí a ti kó débẹ̀, mi ò rí eyín rẹ̀ rí. Lọ́jọ́ náà gan-an ni màmá wa gbòǹgbò díẹ̀ fún un, ó sì kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń gbìn ín. Nígbà tí tiwa fi tún hù, tiẹ̀ náà ti ń yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgò. Nígbà tó ṣe, ó pa ehoro kan, ó fi itan rẹ̀ ránṣẹ́ sí wa. Ọkọ mi jẹ ẹ́, màmá ní òun ò jẹ ẹran tí etí rẹ̀ gùn tó bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí ọmọ ti ń jókòó, a sin màmá dé ibùdókọ̀ Jíbówú, ó wọkọ̀ padà sílé. Àwa méjèèjì, èmi àti bàbá onílé, la wá ń tọ́jú yánrin, kálukú pẹ̀lú tiẹ̀. Nígbà tí ọyẹ́ dé, ewé ń pọ́n, ó ń gbẹ, títí tí kò fi ku nǹkan kan. Mo ń bomi rin ilẹ̀ òfìfo ní ìrọ̀lẹ́. Bàbá onílé máa ń yọjú wo ẹ̀yìn ilé ìdáná láti òkè.

"Ìyàwó, ṣé tìẹ náà ti kú?"

"Ó jọ bẹ́ẹ̀, sà."

Ara kò rọ̀ mí. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ fún ìyá ọkọ mi pé mo pa nǹkan tó gbé wá láti Ògbómọ̀ṣọ́? Níkẹyìn, mo bẹ aládùúgbò wa kan tó ń lọ sílé pé kó bá mi sọ fún un. Èsì tó mú bọ̀ kò gùn: "Ta ló ní kó máa bomi rin ín? Oorun ni yánrin ń sùn."

Mo fi í sílẹ̀. Lẹ́yìn òjò kejì ọdún tuntun, bàbá onílé pè mí láti òkè, ó ní kí n wá wo nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgò ehoro. Kí n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo ti rí tèmi lẹ́bàá ògiri, ewé kéékèèké mẹ́ta.