Ọ̀nà Ẹ̀yìnkùlé Màmá Ìjẹ̀ṣà

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fún mi láyè kí n ròyìn bí wọ́n ṣe dá mi padà sẹ́yìn bí ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi ní Àgùdà lọ́sẹ̀ tó kọjá. Èmi, ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta! Ẹ rọra rẹ́rìn-ín o.

Ẹ mọ̀ pé iṣẹ́ ètò ìlú ni mò ń ṣe. Àwa la máa ń jókòó ti kọ̀ǹpútà, tá a máa sọ ibi tí títì máa gbà àti ibi tí ilé máa wà. Wọ́n gbé iṣẹ́ kan fún mi ní Àgùdà, inú mi sì dùn débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ jó ní ọ́fíìsì, torí àdúgbò yẹn gan-an ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà.

Ibi tí mọ́tò á máa páàkì sí ni wọ́n ń wá. Mo wo máàpù, mo rí àlàfo gígùn kan lẹ́yìn àwọn ilé, tó já sí títì kejì. Kò sílé níbẹ̀, kò sí ṣọ́ọ̀bù. Mo ní áà, àyè òfìfo rèé! Mo fa ìlà pupa sí i: kí wọ́n mọ ògiri dí ẹnu ọ̀nà kan, kí mọ́tò máa gba ìkejì wọlé.

Ṣé ẹ máa gbà pé ọ̀nà tí mo gbà lọ síléèwé fún ọdún mẹ́fà ni, tí n ò sì dá a mọ̀? Láti òkè, páànù nìkan lèèyàn ń rí.

Ó wá ku kí n lọ wọn ilẹ̀ níbẹ̀, kí n sì fọwọ́ sí ìwé. Bí mo bá ti fọwọ́ sí i, àwọn bíríkìlà máa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n Múfú, kápẹ́ńtà tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà yẹn láti kékeré mi, ló kọ́kọ́ dá mi mọ̀.

“Bọ́sẹ̀! Ṣé ìwọ rèé? Wọ́n ní gọ́fúmẹ́ǹtì fẹ́ bulọ́ọ̀kù ọ̀nà wa o. Jọ̀ọ́, bá wa bi wọ́n, ibo làwọn ọmọ iléèwé máa wá gbà? Ṣé títì ńlá yẹn ni?”

Mi ò lè sọ pé èmi ni gọ́fúmẹ́ǹtì náà. Mo kàn ní màá wò ó, mo sì wọnú ọ̀nà náà pẹ̀lú téèpù lọ́wọ́. Ojú ń tì mí.

Háà, òórùn yẹn! Òórùn ọṣẹ ìfọṣọ, ti ẹja díndín, ti igi tí Ẹ̀gbọ́n Múfú ń rẹ́. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ilé gbogbo ṣí sílẹ̀ gbayawu, bó ṣe wà láyé ìgbà yẹn. Àárò ìgbà èwe mi sọ mí gan-an.

Bá a bá ń ti iléèwé bọ̀ nígbà yẹn, ilẹ̀kùn Màmá Ìjẹ̀ṣà, ọ̀kan lára àwọn àgbà àdúgbò wa, ló máa ń kọ́kọ́ kàn wá. Orí àpótí ni wọ́n máa ń jókòó sí tí wọ́n á máa bó ẹ̀gúsí, kò sì sọ́mọ tó lè kọjá láìkí wọn. Bó o bá dán an wò, wọ́n á ní kó o padà sẹ́nu ọ̀nà, kó o tún wá. Tó o bá kí wọn lábẹ́ imú, wàá tún padà! A máa ń kùn nígbà yẹn pé wàhálà wọn ti pọ̀ jù.

Àmọ́ lọ́jọ́ kan, ọkùnrin kan tí n ò mọ̀ rí tẹ̀ lé mi bọ̀ láti iléèwé, ó ní bàbá mi ló ní kóun mú mi. Màmá kàn bi í pé ọmọ ta ni, kí ló dé tí kò kí àwọn? Kó tó dáhùn, ìyàwó ilé kejì ti yọjú, Ẹ̀gbọ́n Múfú sì ti dúró sẹ́nu ọ̀nà tòun ti ayùn. Ọkùnrin náà fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ!

Ní yunifásítì, odidi sáà kan ni olùkọ́ wa fi kọ́ wa ní tíọ́rì pé ojú àwọn tó ń gbé àdúgbò ló ń ṣọ́ ọ, ju géètì àti ògiri lọ. Mo kọ gbogbo ẹ̀ sínú nóòtù, mo sì yege. Mi ò rántí Màmá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Kí ni mo wá ń kà?

Ibi tí mo ti ń ro èyí, tí mò ń na téèpù, ni mo gbóhùn kan.

“Ta ló ń kọjá tí ò lè kí èèyàn? Padà síbi tó o ti ń bọ̀, kó o tún wá!”

Màmá Ìjẹ̀ṣà ni, lórí àpótí! Irun wọn ti funfun, ojú wọn ò ríran dáadáa mọ́, àmọ́ etí wọn ṣì mú. Mo fẹ́ ṣàlàyé pé iṣẹ́ ni mo bá wá, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ mi ti yí padà. Mo rìn lọ dé ẹnu ọ̀nà, Ẹ̀gbọ́n Múfú ń fi mí rẹ́rìn-ín. Mo tún wá, mo kúnlẹ̀.

“Ẹ káàsán mà, Màmá.”

“Ẹ̀n-ẹ́n. Ọmọ ta ni?”

“Bọ́sẹ̀ ni mà, ọmọ Ìyá Tọ́pẹ́.”

Wọ́n fọwọ́ pa mí lórí. “Bọ́sẹ̀ tí kì í gbóhùn sókè. O ti wá mọ èèyàn kí báyìí. Ó yá, máa kọjá.”

Omi bọ́ lójú mi. Máa kọjá, lọ́nà tí èmi fúnra mi fẹ́ dí!

Lọ́jọ́ kejì, mo pa ìlà pupa yẹn rẹ́. Ọ̀gá mi bínú, ó ní ibo ni mọ́tò wá máa páàkì sí? Mo ní mi ò tíì mọ̀, àmọ́ a máa bi àwọn ará àdúgbò ká tó fa ìlà míì. Mo sì kọ orúkọ ọ̀nà náà sórí máàpù: Ọ̀nà Màmá Ìjẹ̀ṣà.

Ohun tí mo rí kọ́ ni pé kí n tó sọ pé ibì kan ṣófo, kí n kọ́kọ́ fẹsẹ̀ rìn ín, kí n sì kí àwọn tó wà níbẹ̀.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ọ̀nà wo lẹ máa ń gbà lọ síléèwé, ta ló sì ń jókòó níbẹ̀? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí. Àmọ́ ẹ kọ́kọ́ kí wa o! Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, màá ní kẹ́ ẹ padà, kẹ́ ẹ tún wá.