Bí Katakata Kékeré Ṣe Sọ̀ Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Wa

Títí di òní, bí òórùn ẹ̀gẹ́ tútù bá gba imú mi lójijì, ọwọ́ mi a máa wá ohun tí yóò dì mú. Abẹ́ ẹ̀gẹ́ ni wọ́n ti hú mi jáde nígbà kan. Ayétòrò ni mo ti ń bọ̀ lọ́jọ́ náà, mo wọ ọkọ̀ akẹ́rù tí wọ́n kó ẹ̀gẹ́ sí títí ó fi ga ju orí dírẹ́bà lọ, èmi àti àwọn mélòó kan sì jókòó sórí ẹrù náà bí ẹni tó jókòó sórí àga ní pálọ̀. Nígbà tí a dé orí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan tó dà sí odò, bíréèkì kọ̀, kò mú mọ́. Àwa ará Yewa mọ ohun tí wọ́n ń ṣe bí irú èyí bá ṣẹlẹ̀. Ọmọ ọkọ̀ a bẹ́ sílẹ̀ pẹ̀lú igi kan tó nípọn nídìí tó sì tín-ín-rín lẹ́nu, a fi há táyà ẹ̀yìn, ọkọ̀ a sì dúró. Kò sí ọkọ̀ ẹ̀gẹ́ tí kì í gbé irú igi yìí rìn. Ṣùgbọ́n nígbà tí dírẹ́bà wa kígbe pé kó há a, ọmọ ọkọ̀ wa kàn ń wojú rẹ̀ ni. Ó ti fi igi náà dáná sun àgbàdo jẹ.

A bá ara wa nínú kòtò. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, kò sí ẹni tó kú, ṣùgbọ́n ẹ̀gẹ́ bò mí mọ́lẹ̀ pátápátá. Mo ń gbọ́ ohùn àwọn ènìyàn lókè orí mi, mo sì gbọ́ tí ẹnì kan ń sọ pé, "Ẹ rọra, ẹ má lo ọkọ́, kí ẹ má bàa ṣá a." Wọ́n fi ọwọ́ hú mi bí ẹni ń hu iṣu. Nígbà tí mo jáde, èjìká mi ọ̀tún ti yẹ̀, ọkàn mi náà sì ti yẹ̀. Oníṣègùn tó ń to eegun ní ìlú wa to èjìká yẹn padà. Ti ọkàn kò ní oníṣègùn.

Àwọn àgbà ní ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, yóò sá. Èmi sá fún ekòló o. Mo gbẹ́ igi ìhátáyà tèmi, igi ayán tó le bí irin ni mo fi gbẹ́ ẹ, mo sì ń gbé e sínú àpò lọ síbi gbogbo, àti ṣọ́ọ̀ṣì pàápàá. Bí mo bá wọ ọkọ̀ láti Ajílétè lọ sí Ìlaró, tí a bá sì dé orí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ èyíkéyìí, mo máa ń bẹ dírẹ́bà kó dúró, n ó sọ̀ kalẹ̀, n ó fi ẹsẹ̀ rìn dé ìsàlẹ̀, n ó tún wọlé padà. Àwọn dírẹ́bà ojú ọ̀nà yẹn sọ mí ní Bàbá Sọ̀kalẹ̀. Mi ò bá wọn jà. Bí mo bá tilẹ̀ gbé kẹ̀kẹ́ ìtì tí a fi ń ru omi sílẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé, mo máa ń há táyà rẹ̀. Ìyàwó mi a ní, "Ẹ há a dáadáa o, Bàbá wọn, kó má bàa gba Kútọnú lọ."

Bí mo bá jẹ́ akọ̀wé tó ń jókòó sínú ọ́fíìsì ni, ǹ bá fi ẹ̀rù mi ṣe ọ̀ṣọ́ títí n ó fi kú. Àmọ́ àgbẹ̀ ni mí, orí òkè ni ilé wa wà, ìsàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ létí odò sì ni ilẹ̀ tí bàbá mi fi sílẹ̀ fún mi. Láti ìgbà tí èjìká ti yẹ̀, mi ò lè gbé ọkọ́ sókè kọjá àyà. Àwọn alágbàṣe tí wọ́n máa ń wá láti òdìkejì bodè bí òjò bá ti kọ́kọ́ rọ̀ kò wá mọ́. Àwọn kan ń gun ọ̀kadà, àwọn kan ti lọ ń wa yanrìn l'Ékòó. Koríko wá gba oko. Nínú ẹbí tiwa, ilẹ̀ kì í sùn pẹ́. Bí ẹnì kan kò bá lè ro ìpín rẹ̀, tí igbó sì ń kún un lọ́dọọdún, wọn a fi í fún ọmọ ẹbí mìíràn tó ní apá. Òfin náà dára nígbà tí wọ́n ń fi í gba ilẹ̀ ẹlòmíràn.

Olórí ẹbí wa wá sí ilé lọ́jọ́ kan, ó dúró sábẹ́ máńgòrò, ó na ọ̀pá rẹ̀ sí koríko tó wà nísàlẹ̀.

"Ọmọ mi," ó ní, "mo mọ ohun tó ṣe ọ́. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ kò mọ̀ ọ́n. Bí àkọ́rọ̀ òjò tó ń bọ̀ yìí bá bá koríko níbẹ̀, àbúrò rẹ tó wà ní ìsọdá odò yóò gbà á dá."

Ìyàwó mi ń yan gààrí lẹ́yìn ilé, ó gbọ́. Ẹ̀gẹ́ ilẹ̀ yẹn ló fi ń yan gààrí, gààrí yẹn la sì fi rán àwọn ọmọ wa níléèwé. Bí ilẹ̀ bá lọ, ààrò rẹ̀ náà ti kú nìyẹn. Ó ń yan gààrí rẹ̀ lọ títí olórí ẹbí fi lọ. Lẹ́yìn náà ló ní, "Bí ọwọ́ kò bá lè ro ó mọ́, kí ẹ̀rọ ro ó."

Báyìí ni a ṣe ta àwọn igi tíìkì tí bàbá mi gbìn sí ààlà, àwọn ọmọ sì fi díẹ̀ kún un, kí a lè ra katakata kékeré, irú èyí tí wọ́n ṣe fún oko ẹ̀yìnkùlé, tí kò ga ju màlúù lọ. Owó náà tó ra tuntun tó kéré jọjọ, tàbí tòkunbọ̀ tó sígbọnlẹ̀ díẹ̀. Ibẹ̀ ni ìjà ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi ló kọ́kọ́ dá sí i. Ó ti wa ọkọ̀ akẹ́rù títí ojú rẹ̀ fi ń ṣe bàìbàì, kò sì sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè sọ fún un nípa ẹ́ńjìnnì. "Tòkunbọ̀ ni kí ẹ rà, àna mi," ó ní. "Gbogbo ohun tó máa bàjẹ́ lára rẹ̀ ti bàjẹ́ lọ́wọ́ òyìnbó. Èyí tó le ló kù. Tuntun ìwòyí? Ọ̀dà lásán ni."

"Ẹ̀gbọ́n," ni ìyàwó mi dá a lóhùn, "ṣé tòkunbọ̀ kọ́ ni ọkọ̀ tí gbogbo wa tì wọ ìlú lọ́jọ́ ìgbéyàwó mi?"

"Ó wọ ìlú àbí kò wọ ìlú?"

"Àwa la wọ́ ọ wá."

Èmi kò gbè sẹ́yìn ẹnì kankan. Ohun tí mo ń bi ara mi léèrè ni èwo nínú méjèèjì ló máa tètè pa mí.

A kọ́kọ́ lọ sí Ìlaró lọ wo tuntun. Ó pupa fòò nínú ṣọ́ọ̀bù, ọ̀rá ṣì wà lórí àga rẹ̀, táyà rẹ̀ ń rùn bíi bàtà ọdún. Ìyàwó mi fi etí gèlè nu eruku tí kò sí lára rẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń tà á wọ táì, ó sì sọ̀rọ̀ tó mọ́gbọ́n dání: ẹnikẹ́ni kò tíì ṣì í lò, bí ohunkóhun bá sì bàjẹ́ láàárín ọdún àkọ́kọ́, àwọn ni yóò tún un ṣe. Mo béèrè ibi tí wọ́n ti ń rí ẹ̀yà ara rẹ̀ rà lẹ́yìn ọdún àkọ́kọ́. Ó ní wọn a máa dúró dè é láti Èkó. Mo bi í bóyá bíréèkì rẹ̀ á mú lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́.

"Á mú dáadáa, Dádì."

"Jẹ́ ká gbé e lọ sórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan."

Ó rẹ́rìn-ín. "Dádì, bí táyà rẹ̀ bá ti kan títì báyìí, ó ti di tòkunbọ̀ nìyẹn. Ta ló máa wá rà á?"

Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò burú. Ṣùgbọ́n mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo pẹ́dà bíréèkì náà. Ó dúdú, ó mọ́, ilà ara rọ́bà rẹ̀ mú sáká. Kò sí ẹsẹ̀ kankan tó tíì bẹ̀ ẹ́ rí pé kó gba òun là. Mo ní kí a ṣì máa lọ ná.

Ìrìn àjò wa sí ọ̀nà Ìmẹ̀kọ, níbi tí wọ́n ti ń ta tòkunbọ̀, pẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ nítorí tèmi. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ pọ̀ lójú ọ̀nà yẹn. Nígbà tí mo tún sọ̀ kalẹ̀ ní èyí tó kẹ́yìn, ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi yọ orí lójú fèrèsé, ó ní, "Àna mi, bí ẹ bá ń bọ̀, ẹ ra ẹ̀pà wá." Mo sì rà á, torí pé mo rí alẹ́pà lọ́nà.

Ọmọ Kétu láti òdìkejì bodè ni ẹni tó ń ta tòkunbọ̀ náà, Faransé sì máa ń yọ́ wọnú Yorùbá rẹ̀. Katakata rẹ̀ ti fìgbà kan jẹ́ aláwọ̀ ojú ọ̀run, àga rẹ̀ ti ya, wọ́n sì ti fi okùn so iná iwájú kan. Ẹ̀gbọ́n fi etí sí ẹ́ńjìnnì, ó di ojú, ó ní ó ń kọrin. Èmi ní kí wọ́n gbé e lọ sórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Mo rò pé òun náà yóò kọ̀.

"Dàkọ́, ọ̀gá mi, dàkọ́," ó ní, ìyẹn ni pé ó gbà. Ó wà á lọ sí ẹ̀gbẹ́ òkè tó wà lẹ́yìn ọgbà, ó tẹ bíréèkì ní àárín gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ó fa bíréèkì ọwọ́ rẹ̀ há, ó sì bọ́ sílẹ̀. Kó tó fi ẹsẹ̀ kejì tẹ ilẹ̀, igi ayán mi ti wà lábẹ́ táyà.

"Ẹ yọ igi yín, ọ̀gá mi. Ẹ ń dójú tì í."

Mo yọ ọ́, mo sá sẹ́gbẹ̀ẹ́. A jẹ ẹ̀pà náà tán, katakata kò mira. Síbẹ̀ ọkàn mi kò balẹ̀, torí pé ọkọ̀ ẹ̀gẹ́ náà dúró dáadáa lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ púpọ̀ kó tó di ọjọ́ tí kò dúró. Mo wá bẹ̀rẹ̀ wo pẹ́dà bí mo ṣe ṣe ní Ìlaró. Rọ́bà pẹ́dà tí wọ́n fi ń sáré mú sáká bíi tuntun. Ṣùgbọ́n ti bíréèkì ti jẹ tán lápá kan, irin abẹ́ rẹ̀ pàápàá ti jẹ wọnú, ó sì ń dán bí ìdí ìkòkò tí wọ́n fi yanrìn fọ̀.

Ẹ̀gbọ́n rí i, inú rẹ̀ dùn. "Ẹ wo bí wọ́n ṣe jẹ ẹ́! Ẹ jẹ́ kó yọ tìyẹn kúrò nínú owó o."

Èmi bú sẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí mo ti rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀, àwọn méjèèjì sì yíjú wò mí.

"Oníbẹ̀rù ló ni ín tẹ́lẹ̀," mo ní.

"Báwo lẹ ṣe mọ̀ ọ́n?" ni ọmọ Kétu bi mí.

"Oníbẹ̀rù lèmi náà."

Mo rí ọkùnrin tó ni ín tẹ́lẹ̀ bí ẹni pé ó wà níwájú mi: ní ilẹ̀ òtútù kan tí mi ò ní dé láé, òkè wà lẹ́yìn ilé tirẹ̀ náà, ó sì ń fi ẹsẹ̀ tẹ bíréèkì láti òkè dé ìsàlẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀. Katakata náà sì wà láàyè láti wá jẹ́rìí. Bí tuntun bá ti dára tó, kò ní ẹlẹ́rìí. A rà á. Mo ní kí mẹkáníìkì tú bíréèkì rẹ̀ lójú mi kó pààrọ̀ gbogbo ohun tó ti jẹ nínú, ṣùgbọ́n nígbà tó fẹ́ pààrọ̀ pẹ́dà, mo gbá a lọ́wọ́.

Ìyàwó mi yí i ká lẹ́ẹ̀kan nígbà tó délé. "Ẹ lọ fẹ́ opó wá fún wa," ó ní.

"Opó mọ ilé gbé."

"A ó rí i nígbà òjò."

Òjò ọ̀hún kò sì jìnnà mọ́. Ọjọ́ tí a máa kọ́kọ́ túlẹ̀, olórí ẹbí tún wá sábẹ́ máńgòrò. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi ní kí òun bá mi gbé e sọ̀. Ó ń wù mí kí n jẹ́ kó gbé e. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́, mo sì mọ̀ pé bí ẹlòmíràn bá bá mi sọ̀ ọ́ lónìí, mi ò ní sọ̀ ọ́ láéláé, ilẹ̀ yóò sì lọ. Mo gùn ún. Mo fún ìyàwó mi ní igi ayán, mo ní kó máa rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà ẹ̀yìn.

Ẹsẹ̀ mi wá bíréèkì, ó sì bọ́ sínú ibi tí ẹsẹ̀ ọkùnrin yẹn ti jẹ, ó bá a mu bíi bàtà. Báyìí la ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀, èmi àti òun. Ewúrẹ́ kan yà wá sílẹ̀. Ìyá kan tó ru igi ìdáná kí wa pé ẹ kú iṣẹ́ o, ó sọ̀ dé odò, ó wẹ ẹsẹ̀, ó ń padà bọ̀, a ṣì wà lójú ọ̀nà. Òórùn ilẹ̀ tútù ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ wá tẹ́jú lábẹ́ mi, mi ò tètè mọ̀ ọ́n. Ìyàwó mi ló gbá mi lẹ́sẹ̀.

"Bàbá wọn, a ti dé. Ṣé kí n há a?"

"Há a."

Lókè, mo gbọ́ ohùn olórí ẹbí. "Mo rò pé òkú ni wọ́n ń gbé bọ̀," ó ní. Lẹ́yìn náà ló tún ní, "Kò burú. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni ejò ń gun àgbọn." Ó dúró títí a fi tú poro àkọ́kọ́, tí àwọn lékeléke sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé wa, ó wá mú ọ̀pá rẹ̀, ó lọ sílé. Kò sọ̀rọ̀ ilẹ̀ yẹn mọ́.

Ẹ̀gẹ́ ṣì ń bẹ níbẹ̀ bí mo ṣe ń kọ èyí, ààrò ìyàwó mi sì ń rú èéfín. Katakata náà ti ní àìsàn tirẹ̀ lẹ́yìn ìgbà náà, mi ò ní pa irọ́. Iná iwájú tí wọ́n fi okùn so ti jábọ́, àwọn ìgbà kan sì wà tí ìyàwó mi bi mí léèrè bóyá opó yìí ti ń ṣàárò ọkọ rẹ̀ àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n kò sáré rí. Pẹ́dà yẹn ti jẹ jinlẹ̀ sí i báyìí. Bí mo bá tẹ̀ ẹ́, mo máa ń ronú kan ọkùnrin ilẹ̀ òtútù yẹn, pé bóyá ó gbọ́n, bóyá kò gbọ́n, mi ò mọ̀. Bóyá àwọn èwe ìlú rẹ̀ ní orúkọ tí wọ́n ń pè é lẹ́yìn. Ohun tó dá mi lójú ni pé ó délé lójoojúmọ́. Tẹ́lẹ̀, mo rò pé ẹ̀rù ni ohun tó bàjẹ́ lára mi lábẹ́ ẹ̀gẹ́ ọjọ́ náà. Mo ti ń wò ó báyìí bóyá òun kọ́ ni ohun tó le tó ṣẹ́ kù.

Igi ayán mi ṣì wà nínú àpò, lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Gbogbo ọmọ àti ọmọ ọmọ tó bá wọ ilé yìí lásìkò àgbàdo ló mọ̀ pé wọ́n lè fi igi èyíkéyìí dáná, àfi ìyẹn.