Gìtá Tó Ní Ọ̀gá Jẹyán

Lánàá, nínú ọkọ̀ tó ń lọ sí Ìsẹ́yìn, fóònù ọ̀dọ́mọkùnrin kan dún lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Gìtá rọ́ọ̀kì ni: ohùn mẹ́fà péré, tó ń gbó bí ajá tí wọ́n so mọ́lẹ̀. Ara mi ò gbà á. Mo sọ̀ kalẹ̀ kí n tó dé ibi tí mò ń lọ.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, láyé ìgbà tí mò ń wí yìí, ẹnu ṣòkòtò wa fẹ̀ débi pé a ń fi gbálẹ̀ Ṣakí lọ́fẹ̀ẹ́. Sùlè, ọmọ àgbẹ̀ Tẹ̀dé tá a jọ ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà, ló fi agolo òróró àti wáyà bíréèkì kẹ̀kẹ́ ṣe gìtá. Ó gbọ́ ohùn mẹ́fà yẹn nínú àwo orin òyìnbó kan, ló bá ń ta á láàárọ̀ lálẹ́. Etí Yorùbá ò sì lè gbọ́ dò-mí-re-re-mí-mí kó má wá ọ̀rọ̀ fún un. Èmi ni mo wá a: “Ọ̀gá ti jẹyán tán.”

Inú ààwẹ̀ la wà. Ọ̀gá ilé ìwé wa, tó kàwé dé òkè òkun, a máa fi èdè Gẹ̀ẹ́sì wàásù ìkóra-ẹni-níjàánu fún wa láàárọ̀. Tó bá di ọ̀sán gangan, a ó máa gbọ́ odó lẹ́yìnkùlé rẹ̀. Kò pẹ́ tí gbogbo kíláàsì fi ń rẹ́rìn-ín bí Sùlè bá ti fọwọ́ kan wáyà. Ọ̀gá gbọ́, ó sì pè wá jọ síta.

“Sùlè, kí ni gìtá yìí ń wí?”

“Orin òyìnbó ni, sà. Mi ò gbédè wọn.”

“Irọ́ lò ń pa! Ó ní mo jẹyán!”

Ọ̀rọ̀ ti bọ́. Olùkọ́ Lárúbáwá wa yára fi fìlà bojú.

Ọ̀gá wá ní kí ẹni tó fi ọ̀rọ̀ sí orin náà jáde, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, Sùlè ń lọ sílé nìyẹn, kò ní padà wá mọ́. Sùlè wò mí lẹ́ẹ̀kan, ó wolẹ̀. Èmi ń wo èèrà tó ń rìn lẹ́bàá ẹsẹ̀ mi. Ó gbé agolo rẹ̀, ó gba ọ̀nà Tẹ̀dé.

Mo kàwé dé yunifásítì. Mò ń fi àwọn ẹlẹ́tàn ṣẹ̀fẹ̀ nínú ìwé, aráyé sì ń pè mí ní onígboyà. Ẹ̀rọ ló ń gúnyán báyìí. Ọ̀gá lè jẹun lọ́sàn-án kí ẹnikẹ́ni má gbọ́. Àwọn tó ń fi ọ̀gá rẹ́rìn-ín lábẹ́ ahọ́n ò tíì dín kù. “Èmi ni, sà”: ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré. Mi ò tíì sọ ọ́ dòní.