Gọ́tà Tí A Fọwọ́ Ara Wa Gbẹ́

Láàárọ̀ yìí, bí èmi àti àwọn ọmọ àbúrò mi ṣe ń kọjá lẹ́yìn ọjà ní Ìlaròó, òórùn omi ẹ̀gẹ́ tó ti kan gbà wá nímú. Àwọn ọmọ fọwọ́ dímú. Èmi dúró, mo tún fà á símú dáadáa, nítorí òórùn aṣọ ìyá mi ni.

Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń yí ẹnu ẹ̀rọ kí omi tó dà, bóyá ni ẹ lè mọ ohun tí odò jẹ́ fún wa ní abúlé wa lẹ́bàá Igbógílà. Òun là ń mu, òun là ń fi sebẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ girama ni mo wà nígbà náà, ìbéèrè sì pọ̀ lẹ́nu mi débi pé Màmá mi máa ń sọ pé bí mo bá dé ẹnu ọ̀nà àlùjánnà, mo máa kọ́kọ́ béèrè káfíńtà tó ṣe ilẹ̀kùn ibẹ̀.

Lọ́dún kan, odò náà yí padà. Ó funfun bí omi ògì, ẹja kú, inú sì ń run àwọn ọmọdé. Gbogbo abúlé ní àwọn àjèjì tó ń wa yanrìn lókè odò ló fà á. Bàbá Sàlámì, olórí àdúgbò wa, ní ká pàdé níwájú mọ́sáláṣí lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, ká lọ lé wọn.

Ohun kan ni kò yé mi: omi náà ń kan. Ṣé yanrìn máa ń kan ni? Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, mo kó ìgò mínírà mélòó kan, mo gba etí odò lọ. Omi ọ̀dọ̀ àwọn oníyanrìn rú díẹ̀, kò kan. Mo ń bu omi bọ̀ nísàlẹ̀ títí mo fi dé ẹ̀yìn ilé gàárì Màmá mi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ibẹ̀ ni ìgò mi ti funfun.

Mo mọ gọ́tà tó ń da omi ẹ̀gẹ́ síbẹ̀. Èmi ni mo sọ fún wọn lọ́jọ́ ìmọ́tótó pé omi tó bá dúró sójú kan ń bí ẹ̀fọn, bí tíṣà ṣe kọ́ wa. A jọ gbẹ́ ẹ ni, wọ́n sì pàtẹ́wọ́ fún mi. Ẹ̀rù bà mí gidi. Bí mo bá sọ̀rọ̀, wọ́n lè ti ilé gàárì tí à ń jẹ lára rẹ̀ pa. Bí mo bá dákẹ́, wọ́n á lé ẹni tí kò ṣẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, mo to ìgò mi sórí bẹ́ǹṣì níwájú gbogbo wọn.

“Èyí tó funfun yìí ńkọ́?” ni Bàbá Sàlámì wí. “Ibo lo ti bù ú?”

Kí n tó lanu, Màmá dìde láàárín àwọn obìnrin, ó gbé ìgò náà, ó gbóòórùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

“Tiwa rè é,” ó ní. “Ẹ jẹ́ káwọn oníyanrìn sinmi.”

Wọn ò ti ilé gàárì pa. Ọkọ́ tí a fi gbẹ́ gọ́tà la fi dí i, a sì gbẹ́ kòtò síbi tó jìnnà sódò. Nígbà tí òjò ọdún kejì dé, ẹja ti padà. Ṣùgbọ́n nírọ̀lẹ́ Jímọ̀ yẹn, Màmá bi mí jẹ́jẹ́ pé, “Kí ló dé tí o ò kọ́kọ́ gbé e wá bá mi?” N kò rí èsì fún un títí ó fi kú, ó sì ń dùn mí.

Jáàkì irin ni wọ́n fi ń fún ẹ̀gẹ́ báyìí, kì í ṣe òkúta mọ́. Síbẹ̀, ìsàlẹ̀ ni omi ń ṣàn lọ, ẹnìkan sì wà níbẹ̀ tó ń bù ú. Láàárọ̀ yìí, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ti yọ fóònù, ó fẹ́ ya gọ́tà ilé gàárì tó wà lẹ́yìn ọjà náà kó gbé e sórí ayélujára. Mo ní kó kọ́kọ́ fi í sápò ná. Mo wọlé, mo kí ìyá tó ń yan gàárì, mo sì bi í pé, “Ẹ jọ̀ọ́ Màmá, omi yín yìí, ibo ló ń gbà lọ?”