Òǹtẹ̀ Mẹ́wàá Lábẹ́ Ọ̀rọ̀ Kan

Nígbà tí mo wà ní kíláàsì kejì ilé-ẹ̀kọ́ girama ní Ìwó, ní àárín àwọn ọdún 1990, tíṣà tó ń kọ́ wa ní èdè Gẹ̀ẹ́sì pín ọ̀rọ̀ fún wa bí ẹni ń pín iṣu. Ọ̀rọ̀ kan fún ẹnì kan, fún odidi táàmù. Kí oníkálukú lọ wá ìlò mẹ́wàá tí ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ní, kó kọ wọ́n sínú ìwé, kó sì ṣàlàyé wọn ní Yorùbá fún àgbàlagbà kan nílé tí kò mọ̀wé. Bí àlàyé bá yé àgbàlagbà náà, kó tẹ̀ka sí abẹ́ rẹ̀. Tíṣà ní ohun tí o kò bá lè sọ kó yé ìyá tó bí ìyá rẹ, ìwọ fúnra rẹ kò tíì mọ̀ ọ́n.

Ọ̀rọ̀ tó bọ́ sí mi lọ́wọ́ ni "jump". Inú bí mi. Ẹni tí a jọ ń jókòó gba ọ̀rọ̀ gígùn kan tó kún ẹnu, èmi gba èyí tí ọmọ jẹ́léósinmi mọ̀. Fò ni, ó parí. Níbo ni mo ti fẹ́ rí mẹ́sàn-án yòókù? Ṣùgbọ́n ẹ̀bùn wà ńbẹ̀. Ẹni tí ìwé rẹ̀ bá dára jù, tí òǹtẹ̀ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá sì pé, ni tíṣà yóò yá ní dikiṣọ́nárì ńlá tiwọn fún gbogbo ọlidé gígùn. Dikiṣọ́nárì ọ̀hún nípọn bí búlọ́ọ̀kù, aṣọ ni wọ́n fi máa ń nù ún kí wọ́n tó ṣí i. Mo fẹ́ ẹ débi pé mo ń lá àlá rẹ̀.

Àgbàlagbà tí kò mọ̀wé nílé wa ni màmá tó bí bàbá mi, Ìyá Àgbà ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Ẹ̀gúsí ni wọ́n ń tà. Wọn a jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ láti àárọ̀, wọn a máa bó o sínú páànù. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé Ìyá Àgbà kì í tẹ̀ka sí nǹkan kan, ì báà ṣe ìwé ìjọba, ì báà ṣe ìwé ẹgbẹ́ ọlọ́jà. Bàbá mi, tó jẹ́ akọ̀wé ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀, ní kí n má wulẹ̀ dán an wò. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ oko kan lọ́nà Kúta ló wà nídìí rẹ̀, oko tí bàbá wọn fi sílẹ̀ fún wọn, tó sì bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́ nítorí ìwé kan. Mi ò mọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ẹnikẹ́ni kì í sọ ọ́ nílé wa.

Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀ wọ́n. Wọ́n bó bí ogún ẹ̀gúsí kí wọ́n tó dá mi lóhùn.

"Èyí tí mo bá fojú rí, tó sì yé mi, ni màá tẹ̀ka sí. Èyí tí ò bá yé mi, o ò gbọdọ̀ bẹ̀ mí sí i."

Mo ní mo ti gbọ́.

Ti àkọ́kọ́ rọrùn. Mo fò sókè níwájú wọn, wọ́n ní kí n tún un ṣe, mo tún un ṣe. Wọ́n ti àtàǹpàkò ọ̀tún wọn bọ inú páàdì íǹkì tí bàbá mi mú bọ̀ láti ọ́fíìsì, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé. Ìgbà yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fara balẹ̀ wo ìka yẹn. Ọ̀bẹ ti gé wọn lọ́mọdé níbi tí wọ́n ti ń bó ẹ̀gẹ́, àpá rẹ̀ sì dábùú àtàǹpàkò láti ẹ̀gbẹ́ èékánná dé ìsàlẹ̀. Nínú íǹkì, ìlà funfun kan la òǹtẹ̀ náà kọjá, bí ọ̀nà ẹsẹ̀ tó gba àárín ebè kọjá lóko.

Ti ìkejì, mẹkáníìkì tó wà ní ìkòríta wa ló fún mi. Mọ́tò aládùúgbò wa kan kọ̀, kò ṣiṣẹ́. Mẹkáníìkì gbé mọ́tò mìíràn sún mọ́ ọn, ó so wáyà mọ́ bátìrì méjèèjì, ó wá sọ fún ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ pé, "Jọ́mpù ú." Mo sáré lọ pe Ìyá Àgbà. Wọ́n ró ìró wọn, wọ́n wá dúró sí etí títì. Mọ́tò tó ti kú wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó sì jí.

"Ó gba ẹ̀mí lára èyí tó wà láàyè," ni wọ́n wí, "èyí tó wà láàyè ò sì kú?"

"Kò kú, Màmá," ni mẹkáníìkì dáhùn. "Kò tiẹ̀ mọ̀ pé òun fún un ní nǹkan."

Ìyá Àgbà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo wáyà náà. Wọ́n ní àwọn kò mọ̀ pé irú inú rere bẹ́ẹ̀ wà lára irin. Èmi tí mo ti ń rí i láti kékeré, ọjọ́ yẹn ni ẹnu tó yà mí. Ká tó délé, wọ́n ti ń béèrè páàdì íǹkì.

Láti ìgbà náà ni mo ti di ọdẹ ọ̀rọ̀. Mo mú Ìyá Àgbà lọ sí ilé epo lọ́nà Olúpọ̀nnà, níbi tí àwọn mọ́tò ti tò láti òwúrọ̀, tí ẹnì kan sì wa tirẹ̀ kọjá gbogbo ènìyàn lọ síwájú. Wọ́n ṣépè fún un díẹ̀, wọ́n tẹ̀ka. Ti gàárì tó gbówó lórí láàárín ọjọ́ ọjà méjì, wọ́n ní ìyẹn ò gba àlàyé. Mo fara pamọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn, mo lu páànù gbàmù, wọ́n ta gìrì, ẹ̀gúsí dà sílẹ̀. Wọ́n kọ́kọ́ gbá mi létí ná kí wọ́n tó ní ó yé wọn. A lọ wo àwọn bàbá tó ń ta dráfù lábẹ́ igi, bí ọmọ dráfù kan ṣe ń fo èkejì kọjá tó sì ń jẹ ẹ́. Ti ọmọ tó fo kíláàsì kan, ti ẹni tó já lu ọ̀rọ̀ àgbà, ti ẹni tí wọ́n gba onídùúró rẹ̀ tó wá sá lọ, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n fi àpá wọn sàmì sí.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí òǹtẹ̀ pé mẹ́sàn-án, Ìyá Àgbà wò wọ́n lọ sókè wò wọ́n bọ̀ nísàlẹ̀.

"Ọ̀rọ̀ kan náà ni àwọn òyìnbó ń rán ní gbogbo iṣẹ́ yìí? Òun nìkan ṣoṣo ni wọ́n bí ni?"

A rẹ́rìn-ín títí. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dùbúlẹ̀, mo ń ka tiwa: ta gìrì, gbówó lórí, já lu ọ̀rọ̀. Oníkálukú pẹ̀lú iṣẹ́ tirẹ̀, oníkálukú pẹ̀lú ẹnu tirẹ̀. Mo ti ń sọ wọ́n láti ọjọ́ tí mo ti ń sọ̀rọ̀, mi ò sì rí wọn rí.

Ìkẹwàá ni mo dá ẹ̀ṣẹ̀ sí. Inú dikiṣọ́nárì tíṣà ni mo ti da "jump to conclusions" kọ nígbà tí a jáde fún ìsinmi, kò sì yé mi. Mo sọ fún Ìyá Àgbà pé ó túmọ̀ sí kí ènìyàn fò dé ìparí ọ̀rọ̀.

"Ìparí ọ̀rọ̀ wo? Kí ló wà níbẹ̀ tí wọ́n ń fò lọ bá?"

Mo ní bóyá bí ẹni tó ka ìparí ìwé ìtàn ṣáájú ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Wọ́n mi orí.

"Kò yé ọ. Tí kò bá yé ọ, ọ̀nà wo ló máa gbà yé mi?"

Ọjọ́ Ajé ni a ó kó ìwé sílẹ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀, nígbà tí wọ́n lọ kírun, mo ti àtàǹpàkò ara mi bọ íǹkì, mo sì tẹ̀ ẹ́ sí abẹ́ ìkẹwàá. Mo tẹ̀ ẹ́ tipátipá kó lè fẹ̀ bí tiwọn. Kò sí ẹni tó rí mi.

Mo gbàgbé pé Ìyá Àgbà fẹ́ràn láti máa wo òǹtẹ̀ wọn. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì wọ́n ní kí n gbé ìwé wá. Wọ́n fi ìka kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí wọ́n dé ìkẹwàá, wọ́n gbé ìwé sún mọ́ ojú, wọ́n ń wá ọ̀nà ẹsẹ̀ wọn láàárín ebè. Kò sí níbẹ̀. Wọ́n pe bàbá mi. Bàbá mi jáde, ó gba ìwé, ó wò ó, ó wo íǹkì tó kù ní ẹ̀gbẹ́ èékánná mi.

"Ayédèrú ló ṣe yìí," ni ó wí. Ó ń tú bẹ́líìtì.

"Jókòó," ni Ìyá Àgbà wí. "Ṣé o ti bi í?"

"Ẹ̀yin náà ẹ wo ìwé, Ìyá mi. Kí ni mo tún fẹ́ bi í?"

"Èmi á bi í. Wá níbí. Kí ló sún ọ débẹ̀?"

Mo sọ gbogbo rẹ̀: dikiṣọ́nárì, àlá tí mò ń lá, ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀. Wọ́n gbọ́ ọ tán, wọn ò já lù mí. Wọ́n wá sọ ohun tí ẹnikẹ́ni kì í sọ nílé wa.

"Báyìí náà ni wọ́n ṣe gba oko mi. Ọmọ bàbá mi kan ló gbé ìwé jáde níwájú àwọn àgbà ẹbí. Ó ní mo ti yọ̀ǹda oko fún òun, pé òǹtẹ̀ mi nìyẹn. Wọ́n wo ìwé, wọ́n wo ara wọn, wọ́n ní ọ̀rọ̀ ti parí. Mo na ọwọ́ sí wọn báyìí. Mo ní kí wọ́n fi wé e, àpá ọ̀bẹ wà lára tèmi. Ẹnì kan ò wò ó."

Ọwọ́ wọn ṣì wà ní nínà lórí páànù ẹ̀gúsí, àtàǹpàkò dojú kọ òkè, bí ẹni pé àwọn àgbà yẹn ṣì jókòó síbẹ̀. Bẹ́líìtì rọ̀ lọ́wọ́ bàbá mi. Ojú tì mí, ẹ̀rù bà mí. Lẹ́yìn náà ni nǹkan kan là sí mi nínú.

"Ìyá Àgbà, ìyẹn ni."

"Kí ni ìyẹn?"

"Ohun tí àwọn àgbà yẹn ṣe. Wọn ò gbọ́ tẹnu yín, wọn ò wo ọwọ́ yín, wọ́n sì ti dá ẹjọ́ tán. Òun ni ìkẹwàá."

Wọ́n rọra fa ọwọ́ wọn padà.

"Àwọn òyìnbó náà ní irú àgbà bẹ́ẹ̀?"

"Wọ́n ní, mà."

"Agbẹ́jọ́ ẹnì kan dá, àgbà òṣìkà," ni wọ́n wí.

Mo sún páàdì íǹkì sọ́dọ̀ wọn. Ojú ò tì mí láti sún un.

"Ó yé mi," ni wọ́n wí. "Ó yé mi ju mẹ́sàn-án yòókù lọ. Àmọ́ níbo ni kí n tẹ̀ ẹ́ sí? Àyè ibẹ̀ ti kún."

Mo ní màá fa ojú ìwé náà ya, màá tún un kọ. Wọ́n ní kí n má fà á ya, pé òǹtẹ̀ tó wà níbẹ̀, tèmi ni.

Ní ọjọ́ Ajé, mo sọ òtítọ́ fún tíṣà. Wọn ò nà mí. Wọ́n wo òǹtẹ̀ mẹ́sàn-án náà fún ìgbà pípẹ́, wọ́n sì fún mi ní mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá. Ẹni tó gba ọ̀rọ̀ gígùn ló gbé dikiṣọ́nárì lọ sílé.

Ìyá Àgbà ti di ẹni ilẹ̀ tipẹ́. Ìwé náà wà lọ́wọ́ mi, etí rẹ̀ ti jẹ, íǹkì rẹ̀ ò sì ṣá. Nígbà mìíràn mo máa ń ṣí i dé ìkẹwàá, mo máa ń na àtàǹpàkò mi sí ẹ̀gbẹ́ òǹtẹ̀ kékeré yẹn, mo máa ń fi wé e, ohun tí àwọn àgbà yẹn kò ṣe fún ìyá bàbá mi. Ìka mi ti tóbi sí i, mo ti bímọ, mo ti ń fi gègé buwọ́ lùwé ní ọ́fíìsì. Ìlà kọ̀ọ̀kan ṣì wà níbi tó wà. Èmi ni.