Màmá Rọra àti Eku Yàrá Kejì

Wọ́n ní eku kan níbi iṣẹ́ ẹ̀gbọ́n màmá mi mu oògùn amúnitají, irú èyí tí kì í jẹ́ kí oorun kunni, ló bá fi eyín já irin àgò rẹ̀, ó sì lé dókítà méjì gun orí tábìlì. Wọ́n ní ẹ̀gbọ́n màmá mi ló fún un ní ìlọ́po mẹ́ta, torí pé ẹni tó ń bá eku sọ̀rọ̀, orí ẹ̀ ò lè pé.

Ó ń bá wọn sọ̀rọ̀ lóòótọ́. Ó ti lé lógún ọdún tó ti ń tọ́jú eku nílé ìwádìí. Màmá Rọra là ń pè é, torí bó bá ń gbé ife tíì kalẹ̀, ẹ lè fọ aṣọ kẹ́ ẹ sì sá a kí ife náà tó kan tábìlì. Àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì ló fi ń gbé eku kọ̀ọ̀kan, á ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, ọ̀gá mi." Èmi ọmọ àbúrò ẹ̀, kò pè mí lọ́gá rí.

Lọ́dún tó kọjá, wọ́n pín àwọn eku sí yàrá méjì. Yàrá kìíní wà lọ́wọ́ Màmá. Yàrá kejì wà lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó ti ṣe sójà rí, tí wọ́n ń pè ní Sájẹ́ńtì. Ṣùgbọ́n Màmá ló ń wọn oògùn yàrá méjèèjì. Nígbà tí wọ́n fún wọn lóògùn, eku yàrá kìíní sáré díẹ̀. Ti yàrá kejì ń sáré bí ẹni pé iná ń jó wọn nírù. Dókítà àgbà ránṣẹ́ pe Màmá.

"Màmá, ṣé ojú yín ṣì ń ríran dáadáa?"

"Ó ń ríran, sà. Mo rí i pé ẹ ṣi bọ́tìnnì yín dè."

Dókítà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó ní bí kò bá sí àlàyé títí ọjọ́ Ẹtì, ẹlòmíì ni yóò gba iṣẹ́ náà. Lálẹ́, Màmá kàn ń wo oúnjẹ. Mo ní, "Màmá, ẹ ò kúkú rọra jẹ ẹ́?" Kò tiẹ̀ bú mi.

Lọ́jọ́ kejì, ó gbé àpótí ìjókòó lọ sí yàrá kejì. Sájẹ́ńtì fi bàtà ti ilẹ̀kùn, gbàmù. Gbogbo eku sá jọ sí igun. Ó wọ́ àgò gàrà lórí irin, ó di ìrù eku kan mú, ó gbé e sókè.

"Sájẹ́ńtì, ṣé bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe ń gbé wọn láràárọ̀?"

"Màmá, eku lásán ni."

"Kí n máa di ẹsẹ̀ yín kan mú, kí n máa gbé yín sókè láràárọ̀, ká wò ó bóyá ara yín á balẹ̀."

Ló bá lọ bá dókítà. "Sà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yẹ oògùn tí mo wọ̀n wò. Lẹ́yìn náà, ẹ gba ẹ̀jẹ̀ eku yàrá méjèèjì kó tó di pé ẹ fún wọn lóògùn."

Wọ́n ṣe é lọ́jọ́bọ̀. Màmá ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ ẹ̀, Sájẹ́ńtì sì ti ń wọ sálúbàtà. Ìwọ̀n oògùn kan náà ni yàrá méjèèjì gbà. Ẹ̀jẹ̀ eku yàrá kejì ló kún fún họ́mọ́ònù tí ara máa ń tú jáde nígbà ìpayà, èyí tó ń mú kí irú oògùn bẹ́ẹ̀ ta ọpọlọ jí ju bó ṣe yẹ lọ.